Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti Ìwé Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Wa

Ní àìpẹ́ yìí, nígbà tí a ń kọ́ àwọn tí ń múra sílẹ̀ de ìgbọ́wọ́lé Bíṣọ́ọ̀bù, a kan ọ̀rọ̀ kan nínú Sáàmù tí ọmọbìnrin kan nínú wọn kò mọ̀, ó sì béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ìgbèkùn ni ọ̀rọ̀ náà. Olùkọ́ kan dáhùn pé ilé túbú ni; òmíràn ní ọ̀ràn ìwọ̀fà ni. Èmi tìkára mi rò pé mo mọ̀ ọ́n dájú, ṣùgbọ́n nígbà tí ó kàn mí láti sọ ọ́, mo rí i pé ńṣe ni mo kàn ń yí i ká láìdé inú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó wá ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, ó sì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí kò fi ohunkóhun kún òye ọmọ náà. Olùkọ́ mẹ́rin ni ó jókòó nínú ìyàrá ní ọjọ́ náà, kò sì sí ìwé atúmọ̀ èdè kan nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn yìí kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ìgbà èwe wa, ìwé atúmọ̀ èdè a máa wà lórí tábìlì olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, ojú a sì máa ti ẹni tí ó bá sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ ṣí i wò. Nísinsìnyí, a ń méfò. Ohun tí ó sì mú kí ó dùn mí jù ni pé ọmọ Yorùbá tí ó kọ́kọ́ kó ọ̀rọ̀ èdè wa jọ sínú ìwé kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tí ìgbèkùn jẹ́, nítorí pé a ti fi okùn rẹ̀ so ó lọ́rùn rí. Gbogbo wa ni ó mọ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther; a sì ń sọ ti oyè rẹ̀ àti ti ìrìn àjò rẹ̀ lórí Odò Ọya. Apá kan ìtàn rẹ̀ tí a kì í sábà rántí ni ti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣà jọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún yín ní oṣù yìí.

A bí Àjàyí ní nǹkan bí ọdún 1809 ní ìlú Òṣogùn, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní ìhà Ìsẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀, nítorí pé ọmọ tí ó bá dojú bolẹ̀ wá sí ayé ni a ń pè bẹ́ẹ̀. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Àfàlá ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì ń se oúnjẹ lórí iná, ogun àwọn Fúlàní àti ti àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ó darapọ̀ mọ́ wọn yí ìlú náà ká, wọ́n fi iná sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. A mú Àjàyí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, a sì fi okùn so wọ́n mọ́ra wọn bí ẹni so ewúrẹ́. Lẹ́yìn èyí ni a yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. A fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn, a sì dá ọmọ náà padà. A tún tà á, a tún un tà, títí a fi fi tábà àti ọtí ṣe owó rẹ̀. Ní àkókò kan, ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbèrò láti fi ìgbànú ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ ní òru, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò gbà á. Ní Èkó ni a ti tà á fún àwọn Pọtogí. Ọkọ̀ wọn kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ọkọ̀ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì tí à ń pè ní Myrmidon mú un ní oṣù April ọdún 1822, a sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ dé Freetown ní Sàró ní ọjọ́ 17 oṣù June ọdún kan náà.

Ìlú tí Àjàyí bá ara rẹ̀ yìí jẹ́ ìlú àgbàyanu fún ẹni tí ó bá ní etí. Láti ẹ̀yà gbogbo ni a ti gba àwọn ènìyàn sílẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ẹrú, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Koelle, fi kó ọ̀rọ̀ èdè tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ jọ láàárín wọn, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1854. Akú ni a ń pe àwọn ènìyàn tiwa níbẹ̀, nítorí pé ẹ kú ni ó máa ń ṣáájú ìkíni wọn. Ará Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú tí kì bá máà pàdé ara wọn ní ilé, bí kò ṣe lójú ogun, di aládùúgbò ara wọn nílẹ̀ àjèjì, wọ́n sì rí i pé èdè àwọn jẹ́ ọ̀kan. Yorùbá jẹ́ orúkọ àwọn ará Ọ̀yọ́ nígbà náà. Àwọn ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di orúkọ gbogbo wa.

Ìtàn fi yé wa pé ní ọjọ́ kìn-ín-ní tí Àjàyí dé ilé ẹ̀kọ́, ó sáré lọ bẹ ará ilé rẹ̀ kan fún kọ́bọ̀ díẹ̀ kí ó lè fi ra páálí tí a kọ a, b, d sí. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù December ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ alùfáà kan ní London. Ó lọ sí ìlú Òyìnbó fún ìgbà díẹ̀, ó padà, ó sì wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827. Ó fẹ́ Susan, ẹni tí òun pẹ̀lú jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa fiyè sí i: olùkọ́ ilé ìwé ni, kò sì tíì di alùfáà, nígbà tí ọ̀ràn ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Arábìnrin Hannah Kilham àti Alùfáà John Raban ti kọ́kọ́ kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Akú sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ìyìn sì tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n jẹ́ nínú èdè náà, ohun tí àlejò bá gbọ́ ni ó lè kọ.

Ní ọdún 1841 ó bá Schön lọ nínú àwọn ọkọ̀ tí ó gun Odò Ọya. Ibà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ó lọ, a sì rí i pé ọmọ ilẹ̀ ni ó lè mú ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ ọmọ ilẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe pe Crowther lọ sí London, a sì fi í jẹ díákónì ní oṣù June ọdún 1843, a fi í jẹ alùfáà ní oṣù October. Ní ọdún kan náà yìí ni ìwé rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, pẹ̀lú ìlànà gírámà níwájú rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Ọmọ tí a fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ó wá ń sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé London ohun tí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ túmọ̀ sí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Kò sí ìwé Yorùbá kan tí ó lè wò. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ilé ìkàwé rẹ̀. Bí a ó ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pàápàá, kò tíì fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọkọ láìfi àmì sí i, tí ọkọ ìyàwó ni ó kọ ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí ń gba orí omi kọjá, tàbí ọ̀kọ̀ tí ológun ń dì mú? Ọmọ tí ó gbọ́ èdè láti inú àpò ìyá rẹ̀ kò ní ṣì wọ́n mú, ṣùgbọ́n ojú tí ń wo ìwé yóò ṣì wọ́n mú. Nínú ìwé rẹ̀ kejì, tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, èyí tí ó jáde ní ọdún 1852 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú láti ọwọ́ Vidal, Bíṣọ́ọ̀bù Sàró, ó fi àmì sí orí àwọn ọ̀rọ̀ láti fi ohùn wọn hàn. Inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí ìwé ìkéde ìjọ wa tí a kọ láìní àmì kankan, bí ẹni pé a kò jìyà lórí wọn rí.

Ohun mìíràn wà nínú ìwé ọdún 1852 náà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Crowther kò gbà pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó láti jẹ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan. Nígbà tí ó bá ti fi ìtumọ̀ kúkúrú síwájú, a máa fi òwe tì í lẹ́yìn, kí ẹni tí ń kà lè rí bí àwọn àgbà ti ń lo ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ó ti ń mú, àti ibi tí kò dé. Àwọn òwe náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Richard Burton fi kó wọn sínú ìwé òwe ilẹ̀ Áfíríkà tí ó tẹ̀ ní ọdún 1865. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí a rí nínú fóònù ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ wa kò jẹ́ tẹ́ Crowther lọ́rùn.

Mo ti fi ìtàn síwájú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown fún àwọn Akú. Ní oṣù January ọdún 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Ikú Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, dá wọn dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ, wọn kò sì dé Abẹ́òkúta títí di ọdún 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù August ọdún náà, ìyá rẹ̀ Àfàlá, ẹni tí ó gbọ́ pé ọmọ òun wà níbẹ̀, wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọdún 25 ti kọjá. Ọkùnrin tí ó ti kọ ìwé ọ̀rọ̀ sọ fún wa nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé àwọn méjèèjì di ara wọn mú, ojú ń wo ojú, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde. Ní oṣù February ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ orúkọ rẹ̀ ní Hannah, ní orúkọ ìyá Sámúẹ́lì.

Ní Abẹ́òkúta ni iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì ti gba ọwọ́ rẹ̀ kan, pẹ̀lú Thomas King àti àwọn mìíràn tí ń ràn án lọ́wọ́. Ìwé Pọ́ọ̀lù sí àwọn ará Róòmù jáde ní ọdún 1850. Níhìn-ín ni ọwọ́ méjèèjì iṣẹ́ rẹ̀ ti pàdé: ọ̀rọ̀ tí ó bá gbọ́ ní ìta, a kọ ọ́ sílẹ̀, èyí tí ó bá kọ sílẹ̀, a dán an wò nínú Ìwé Mímọ́. Kò fẹ́ ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí àwọn èwe ń sọ ní ọjà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni ó ń lọ. A máa tẹ́tí sí àwọn babaláwo àti àwọn abọ̀rìṣà nígbà tí wọ́n bá ń bá a jiyàn, a máa tẹ́tí sí àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú, bí ọ̀rọ̀ kan tí ó dára bá sì bọ́ lẹ́nu wọn, a mú un lọ sí ilé. Àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wá, kò sì sí ẹni tí ó wo Bíbélì wa lónìí tí yóò sọ pé àlejò ni wọ́n níbẹ̀.

Kò yẹ kí a fi ibi tí a ti ń bá iṣẹ́ náà jiyàn pamọ́. Nínú Bíbélì wa, Èṣù ni a fi pe ọ̀tá ọkàn wa. Àwọn tí ó mọ ọ̀ràn òrìṣà dájú sọ pé ìránṣẹ́ ni Èṣù jẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tí ń gbé ẹbọ lọ, tí ń dán ènìyàn wò, tí ó ń ṣe rere tí ó sì ń ṣe búburú, àti pé ìtumọ̀ tí àwọn ìjọ fi fún un ti bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀. Mo rò pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn atúmọ̀ ń wá orúkọ kan tí àwọn tí ń gbọ́ yóò bẹ̀rù. Wọ́n rí i, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ní ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Olùkọ́ tí ó bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ọmọ, kí ó sọ ìtumọ̀ méjèèjì. Crowther tìkára rẹ̀, tí ó fi òwe àwọn abọ̀rìṣà sínú ìwé rẹ̀, kì bá tí bínú sí i.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ó ń ṣe mí láàánú. Ní ọdún 1862 ilé Crowther jóná. Àwọn ìtumọ̀ kan tí kò tíì dé ilé ìtẹ̀wé wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú wọn ni gbogbo àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀, òwe àti àṣà ìsọ̀rọ̀ tí ó ti ń ṣà jọ fún ọdún 11. Gbogbo rẹ̀ di eérú. Ó wà lára àdánù tí ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù lọ ní ayé rẹ̀. Aṣọ àti àga ṣeé rà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ wọnnì fún un ní ọdún 1851 àti lẹ́yìn rẹ̀, mélòó nínú wọn ni ó ṣì wà láàyè láti tún un sọ? Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà, ó dá mi lójú, tí ó jẹ́ pé inú ìwé tí ó jóná yẹn nìkan ni a ti kọ wọ́n sílẹ̀ rí, a kò sì ní mọ̀ láé pé wọ́n wà. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ènìyàn ní kí ni a ń fi ìwé atúmọ̀ èdè ṣe, ilé tí ń jóná yìí ni ó ń wá sí mi lọ́kàn.

Ẹni ẹ̀mí mìíràn ì bá sinmi níbẹ̀. Crowther kò sinmi. Ní ọjọ́ 29 oṣù June ọdún 1864, ọjọ́ Pétérù Mímọ́, a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú ilé ìsìn ńlá ti Canterbury, adúláwọ̀ kìn-ín-ní tí ó jẹ oyè náà nínú Ìjọ Áńgílíkà, Yunifásítì Oxford sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìwé gírámà rẹ̀ ti èdè Núpé jáde. Ó ti tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ti èdè Ìgbò ní ọdún 1857, nígbà tí òun àti Alùfáà J. C. Taylor dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Onitsha. Ní ọdún 1882, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ìwé rẹ̀ ti ọ̀rọ̀ Ìgbò jáde. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ tún jáde ní ọdún 1870. Ní oṣù January ọdún 1875, òun ni ó ṣe alága ìpàdé kan ní Èkó, níbi tí àwọn ìjọ ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá. Bíbélì Yorùbá parí lódidi ní ọdún 1884.

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ korò. Ní ọdún 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kan nínú iṣẹ́ Odò Ọya gbógun ti àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ rẹ̀, wọ́n sì kó ìtìjú bá arúgbó náà lójú gbogbo ènìyàn nínú ìgbìmọ̀ ní Onitsha. N kò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 2014, nínú ìsìn ìdúpẹ́ ní Canterbury, Àrísíbíṣọ́ọ̀bù Welby tọrọ ìdáríjì nítorí ìwà tí a hù sí i. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891.

Àwọn mìíràn gba iṣẹ́ náà. Ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní ọdún 1913. Ilé ìtẹ̀wé Oxford tún un tẹ̀ ní ọdún 1950, a sì ń tà á ní ilẹ̀ wa títí di òní. R. C. Abraham ṣe èyí tí ó tóbi jù ú lọ ní ọdún 1958. Ẹ̀dà kan ti ìṣáájú ni a ti rà nísinsìnyí fún ìyàrá ẹ̀kọ́ ìgbọ́wọ́lé, nínú owó ọrẹ ọjọ́ Ìsinmi kejì. Ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọmọbìnrin tí ó béèrè ìgbèkùn ni ó kọ́kọ́ ṣí i. Ó ti béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn láti ìgbà náà, ọ̀kan nínú wọn kò sí nínú ìwé náà, a sì ti rán an sí ìyá àgbà kan ní ẹ̀yìn ilé ìsìn láti lọ béèrè.